Ta ni yóò san owó tó bá WhatsApp Mọ́mì lọ? Àlàyé lórí jìbìtì kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà

Ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sínú gúrúùpù WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkéré-Èkìtì. Èmi náà wà nínú gúrúùpù ọ̀hún. Orúkọ àti fọ́tò tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti tíṣà wa kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Áàpù báǹkì mi ò ṣiṣẹ́, mo sì ní owó kan tí mo gbọ́dọ̀ san lálẹ́ yìí. Ta ló lè bá mi fi ₦85,000 ránṣẹ́? Màá dá a padà láàárọ̀ ọ̀la.” Nọ́ńbà àkáǹtì tẹ̀lé e. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, èèyàn mẹ́ta ti fi owó ránṣẹ́. Olúkúlùkù wọn rò pé òun nìkan lòun dáhùn, nítorí ní kọ̀rọ̀ ni “Mọ́mì” ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mọ́mì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà ni WhatsApp rẹ̀ ti dákẹ́. Ó rò pé dátà ló tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ìkéré nìkan. Gúrúùpù ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ni o, ti ìjọ ni o, ti mọ́ṣáláṣí ni o, ti alájẹṣẹ́kù ni o, ẹni tó bá wà nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà wọn ní Èkìtì yóò ti rí irú rẹ̀. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, onírúurú ọ̀rọ̀ ló máa ń jáde. Ẹnì kan á ní wọ́n ti háàkì fóònù ìyá. Òmíràn á ní àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ síìmù ló ta nọ́ńbà wa. Ẹlòmíràn á ní kí gbogbo wa pa WhatsApp rẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó bá yá, ìjà owó á bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì máa ń le ju olè jíjà náà lọ.

Ṣé wọ́n háàkì fóònù Mọ́mì ni?

Rárá. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Àyè rẹ̀ lórí WhatsApp ni wọ́n gbà.

WhatsApp kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé, àfi bí onítọ̀hún bá fúnra rẹ̀ fi kún un. Nọ́ńbà fóònù ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Bí ẹ bá ra fóònù tuntun lónìí, tí ẹ gbé WhatsApp sórí rẹ̀, tí ẹ tẹ nọ́ńbà yín, kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà yóò wá sórí síìmù tó ní nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó bá mú kóòdù náà wá ni wọ́n gbà pé ó ni síìmù. Ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kó wá fi ojú hàn.

Nítorí náà, gbájúẹ̀ tó jókòó síbikíbi lè tẹ nọ́ńbà Mọ́mì sínú fóònù tirẹ̀. Ìyẹn nìkan ò ṣe nǹkan kan, torí ọ̀dọ̀ Mọ́mì ni kóòdù máa bọ́ sí. Iṣẹ́ tó kù ni pé kí Mọ́mì fi ẹnu ara rẹ̀ ka nọ́ńbà mẹ́fà yẹn fún un.

Ọkùnrin kan pè é ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà. Ó kí i dáadáa, ó pe orúkọ rẹ̀, ó sì pe oyè tí wọ́n fi jẹ nínú ìjọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń tún orúkọ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tò ní Adó lòun ti ń pè. Ó ní kóòdù kan máa wọlé, kí Mọ́mì bá òun kà á kí orúkọ wọn má baà já bọ́. Mọ́mì kì í rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ dáadáa mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló bá a ka nọ́ńbà náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Mọ́mì sì ń tún un pè sínú fóònù. Ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má fi kóòdù náà han ẹnikẹ́ni wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà, lábẹ́ nọ́ńbà gan-an, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ò kà á débẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó kà á débẹ̀.

Ibo ni ọkùnrin náà ti mọ orúkọ oyè? Inú gúrúùpù ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú gúrúùpù WhatsApp lè rí nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ó sì lè rí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Bí wọ́n bá ti gba ti ẹnì kan, gbogbo gúrúùpù tí onítọ̀hún wà ti ṣí sílẹ̀ fún wọn nìyẹn, àtibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú ẹni tó kàn. Nígbà mìíràn, wọn ò tiẹ̀ ní pè. Láti orí WhatsApp ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n ti gbà ni wọ́n á ti kọ ọ́ sí yín pé: “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ bá mi dá a padà.”

Kóòdù, OTP, PIN, NIN: ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?

Wọ́n yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. OTP ni kóòdù àlòkan: ìta ló ti ń wá bá yín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wúlò, kò sì ní pẹ́ kó tó kú. Kóòdù mẹ́fà ti WhatsApp jẹ́ ọ̀kan lára irú rẹ̀. PIN ní tirẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣẹ̀dá rẹ̀, orí yín ló sì ń gbé. NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì), tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ sí ohunkóhun fúnra wọn, àmọ́ wọ́n máa ń jẹ́ kí irọ́ gbájúẹ̀ dún bí òótọ́, torí ẹni tó bá lè ka NIN yín fún yín lórí fóònù á dà bí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ohun kan tó yẹ kí a mọ̀ nípa OTP nìyí: kì í déédéé wá. Bó bá wọlé sórí fóònù yín láìjẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ béèrè fún un, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà lórúkọ yín nísinsìnyí. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò kú fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wo ni wọ́n tún ń gbà?

Èkíní, wọ́n lè ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà kan. Ẹni tó pè á ní òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lòun, pé láìní fẹ́ já, kí ẹ tẹ **21* kí ẹ sì fi nọ́ńbà kan tẹ̀lé e pẹ̀lú # lẹ́yìn. Ohun tí ẹ ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín nípa bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n máa darí gbogbo ìpè yín sórí nọ́ńbà onítọ̀hún. WhatsApp lè pe èèyàn láti ka kóòdù sókè fún un bí àtẹ̀jíṣẹ́ ò bá wọlé. Gbájúẹ̀ á ní kí wọ́n pè, ìpè á sì lọ bá a. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Tí ẹ bá ń fura, ẹ tẹ *#21# láti wò ó bóyá wọ́n ti darí ìpè yín síbòmíràn, kí ẹ sì tẹ ##002# láti fagi lé e.

Èyí tó tún ń ṣọṣẹ́ ni “ẹ bá wa dìbò fún ọmọ yìí.” Lìǹkì kan á wọlé, ó sábà máa ń jẹ́ ìdíje àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì máa ń gbé fọ́tò ọmọ rèǹtèrente kan dání. Ojú ewé náà á béèrè nọ́ńbà yín, á sì gbé kóòdù alámì mẹ́jọ kan jáde pé kí ẹ fi sínú WhatsApp yín kí ìbò náà lè wọlé. Ẹ̀rọ gbájúẹ̀ lẹ fi ń so mọ́ WhatsApp yín yẹn. WhatsApp gba ẹ̀rọ mẹ́rin láyè lẹ́yìn fóònù gangan, nítorí náà tiyín ò ní já, ẹ ò sì ní fura. Ó ń ka ohun tó ń wọlé, ó sì lè kọ̀wé lórúkọ yín. Ibi tí wọ́n kọ Linked Devices sí nínú ètò WhatsApp ni ẹ ti máa rí ẹ̀rọ tó so mọ́ tiyín, ibẹ̀ náà lẹ sì ti máa lé e jáde.

Ti síìmù tí a pa tì náà wà. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, gba ilé iṣẹ́ láyè láti ti láìnì tí ẹnikẹ́ni ò lò fún oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tó kúrò nílé lọ sí Èkó tàbí òkè òkun ló fi síìmù sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, tí báǹkì àti WhatsApp wọn ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ra nọ́ńbà náà lè máà jẹ́ olè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kóòdù yín yóò máa bọ́ sí.

Ṣé wọ́n ti ka gbogbo ohun tí mo ti bá èèyàn sọ tẹ́lẹ̀?

Èyí ló ń dẹ́rù ba Mọ́mì jù lọ. Ó ní òun ti bá ọmọ òun sọ̀rọ̀ àìsàn kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ tó ti kọjá máa ń wà, kì í tẹ̀lé kóòdù lọ sórí fóònù olè. Ẹni tó fi kóòdù mẹ́fà gba àyè yín ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó bá wọlé lẹ́yìn ìgbà náà. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n so mọ́ tiyín, ó lè rí nínú èyí tí ẹ ti sọ láìpẹ́.

Kí ló dé tí owó fi ń tètè lọ tó bẹ́ẹ̀?

Láti 2011 ni ètò tíránsífà ojú ẹsẹ̀ ti wà láàárín àwọn báǹkì Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń gbé owó láti báǹkì kan dé òmíràn, nǹkan tó dáa ni fún ọlọ́jà. Olè náà ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Owó tó wọlé ní aago mẹ́jọ lè ti jáde lọ́dọ̀ oní-POS ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àmọ́ mi ò rò pé ìyára nìkan ni. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó ṣọ̀wọ́n nítorí ààrọ̀ náírà tuntun. Ìgbà yẹn ni àwọn ìyá tó ń ta iṣu àti èlùbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba tíránsífà, tí àwa náà sì mọ́ra láti máa sanwó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn: orúkọ ọmọ ọlọ́jà, orúkọ oní-POS tó wà nítòsí, orúkọ ilé iṣẹ́ kan tí a ò gbọ́ rí. Ṣáájú ìgbà yẹn, orúkọ tí kò bára mu máa ń mú èèyàn dúró. Nígbà tí àwọn mẹ́ta inú gúrúùpù wa tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà, orúkọ tó jáde kì í ṣe ti Mọ́mì. Méjì nínú wọn sọ fún mi pé àwọn rí i, àwọn sì rò pé oní-POS àdúgbò ni.

Ìtẹ́rígbà wa náà wà níbẹ̀. Bí àgbà bá béèrè nǹkan, kí o pè é padà láti mọ̀ bóyá òun ni, ó dà bí ìgbà tí o sọ pé irọ́ ló ń pa. Gbájúẹ̀ mọ èyí. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé nínú gúrúùpù wa, owó kì í dá: owó ìsìnkú bàbá lágbájá, owó aṣọ ẹgbẹ́, owó ọdún Ùdìrókò lóṣù kẹjọ fún àwọn ará Adó. Ẹni tó bá béèrè owó níbẹ̀ kò ṣe ohun tó ṣàjèjì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kíyè sí nǹkan kan. Ó ní Mọ́mì kì í tẹ ọ̀rọ̀ rí. Ohùn ni ìyá náà máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, ní èdè Ìkéré, á kọ́kọ́ súre kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Èyí tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ Yorùbá ìwé ìròyìn, kò sì sí ìre nínú rẹ̀. Ìdájí ni obìnrin náà fi láìnì lásán pe Mọ́mì, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Kí n fi kún un pé ẹ̀rọ ti wà báyìí tó lè fara wé ohùn èèyàn láti inú ohùn kúkurú tó bá rí gbà, nítorí náà ohùn nìkan ò tó mọ́. Ìpè sórí nọ́ńbà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè tí ẹni náà nìkan lè dáhùn, ló ṣì dájú díẹ̀.

Ta ló yẹ kó san owó náà?

Ibí lọ̀rọ̀ ti gbóná, tí ẹgbẹ́ sì fẹ́ tú. ₦255,000 ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Èkó, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ní Mọ́mì ló yẹ kó san án, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́ kò lè ní ọ̀rọ̀ ò kan òun. Orúkọ àti ojú Mọ́mì ló gba owó náà lọ́wọ́ òun, òun ì bá má fún àjèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bínú sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú gúrúùpù alájẹṣẹ́kù kan ní Adó, níbi tí wọ́n ti yọ owó náà lára ìpamọ́ ẹni tí wọ́n gba WhatsApp rẹ̀.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Mọ́mì ní ìdáhùn tiwọn. Wọ́n ní wọ́n ja Mọ́mì lólè bí wọ́n ṣe ja ẹ̀gbọ́n lólè. Wọ́n ní orúkọ àjèjì jáde lójú ẹ̀gbọ́n kó tó tẹ PIN, láìnì Mọ́mì ṣí sílẹ̀, ó sì lè pè. Ẹni tó bá kẹ́yìn rí ewu ni kó dúró.

Báǹkì ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó padà, wọ́n sì máa ń tọ́ka sí Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015. Lóòótọ́, abala 37 òfin náà sọ pé bí báǹkì bá yọ owó oníbàárà láìgbàṣẹ, tí oníbàárà sì kọ̀wé sí i, báǹkì gbọ́dọ̀ fi àṣẹ tó fi yọ ọ́ hàn tàbí kó dá a padà láàárín wákàtí 72. Báǹkì tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lẹ́yìn owó oníbàárà. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni “láìgbàṣẹ.” Àwọn mẹ́ta wa fi ọwọ́ ara wọn tẹ PIN. Lójú báǹkì, wọ́n ti fàṣẹ sí i, ẹ̀tàn tó wà lẹ́yìn àṣẹ náà kò sì sí nínú ìwé rẹ̀. Abala 19 òfin kan náà tún le sí i fún oníbàárà: ó ní kí báǹkì ní ètò tó dáńgájíá láti dènà jìbìtì, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, oníbàárà ni yóò fi hàn pé báǹkì ì bá ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń bá báǹkì jà ní ibì kan tí ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn ni báǹkì tó gba owó wọlé. Láti 2024 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti ń béèrè pé kí gbogbo àkáǹtì ní BVN tàbí NIN. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àkáǹtì tó gba owó náà ní ojú àti ìka ọwọ́ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló dé tí wíwá onítọ̀hún fi le tó bẹ́ẹ̀? Báǹkì á fèsì pé àwọn ò lè ka orúkọ oníbàárà kan fún oníbàárà mìíràn, ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ ló lè béèrè. Òótọ́ nìyẹn náà.

Ó ku WhatsApp fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní ìlẹ̀kùn tó jẹ́ pé kóòdù kan ṣoṣo ló ń ṣí i kò lágbára tó, àti pé ìkìlọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò fún ìyá tó ń gbọ́ Yorùbá. Ilé iṣẹ́ náà ní láti 2017 làwọn ti fún gbogbo èèyàn ní PIN kejì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ló ń lò ó. Ẹnì kan nínú gúrúùpù wa ní kí wọ́n yọ owó wa nínú 220 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n bu lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni WhatsApp, lórí. Ìtanràn yẹn wà, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló bù ú lé wọn ní oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin 2025. Bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà ló dá lé, kò kan owó tí gbájúẹ̀ gbà.

Òfin ò sọ níbì kankan nínú àwọn abala wọ̀nyí pé kí ẹni tí wọ́n gba WhatsApp rẹ̀ san án. Ẹni tó gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀ láti fi jèrè ni abala 22 dojú kọ: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, tàbí ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù méje náírà lọ, tàbí méjèèjì.

Ẹni tó fi àkáǹtì rẹ̀ gba owó, ṣé ó lè ní òun ò mọ̀?

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ni àkáǹtì kì í ṣe ẹni tó ń tẹ̀wé lórí WhatsApp. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, tàbí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n á ní kó yá wọn ní àkáǹtì rẹ̀ fún alẹ́ kan, owó kan máa wọlé, kó mú tirẹ̀ nínú rẹ̀ kó gbé ìyókù fún wọn. Àwọn tó ń gbèjà wọn á ní ebi ló ń pa ọmọ, kò mọ ibi tí owó ti wá. Àwọn òbí tí mo bá sọ̀rọ̀ ní àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó ń bẹ̀rù èyí ju ohunkóhun lọ, torí àwọn ọmọ náà ò ka a sí olè.

Òfin kíkó owó èérí ti 2022 kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún “mi ò mọ̀.” Ó mú ẹni tó mọ̀ pé owó ìwà ọ̀daràn ni, ó sì tún mú ẹni tó yẹ kó ti mọ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ó sì lè dé mẹ́rìnlá. Ẹ fi èyí wé ọdún márùn-ún tó jẹ́ òpin fún ẹni tó gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀. Ọmọ tó yá wọn ní àkáǹtì lè pẹ́ lẹ́wọ̀n ju ẹni tó rán an lọ, òun náà sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí mi lónìí, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù yín, kí ẹ gbé e padà sórí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà yín. Kóòdù tuntun á wọlé. Ẹ fi sí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá ti fi sí i, olè ti jáde. Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba èèyàn ni pé WhatsApp lè tún béèrè PIN kan tí ẹ ò mọ̀, torí olè ti fi tirẹ̀ sí i nígbà tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ méje lẹ máa dúró kí ẹ tó lè wọlé láìlo PIN yẹn. Àwọn kan máa ń rò pé olè ṣì wà nínú ilé ní gbogbo ọjọ́ méje náà. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ ò ṣe rí i wọ̀, òun náà ò rí i wọ̀.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ fi láìnì lásán pe ẹnì kan nínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan kó kéde. Ádímínì lè yọ nọ́ńbà yín kúrò ná.

Ẹni tí owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti pe báǹkì tirẹ̀ lóru yẹn gan-an, kó má dúró di àárọ̀. Báǹkì rẹ̀ ni yóò sọ fún báǹkì kejì kó di owó tó bá ṣẹ́ kù mú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí báǹkì ò bá dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Báǹkì Àpapọ̀ ní ẹ̀ka tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà. Orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá wà ní Adó, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá sì ní ibùdó ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Àbújá tó ń gba ẹjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí olè kọ rẹ́ nínú ìbínú. Òun ni ẹ̀rí.

Ní ti PIN kejì, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Two-step verification sí, kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí yín. Bí Mọ́mì bá ti ní i ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn, kóòdù tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kà sókè ì bá má tó olè í wọlé. Ẹ bá àwọn àgbà ilé yín ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sínú Bíbélì tàbí ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nínú ilé.

Ibo ni ti Ìkéré dé dúró?

Ìpàdé gúrúùpù wáyé lórí fóònù. Àwọn méjì gbà kí owó wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó ò tíì gbà, ó ní òun ò bá Mọ́mì jà, òtítọ́ lòun ń wá. Mọ́mì fúnra rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́, ní èdè Ìkéré, ó súre fún gbogbo wa, lẹ́yìn náà ló ní òun máa san ti ẹ̀gbọ́n díẹ̀díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì òun. Kò sẹ́ni tó tíì fèsì sí ohùn náà.

Báǹkì tó gba owó ti ti àkáǹtì ọ̀hún. ₦11,400 ló ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n tì í, ó sì ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́.